Gírámà

Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní 1977, bí ọmọ ilé-ìwé bá ń da Gẹ̀ẹ́sì tó le sílẹ̀, wọn á ní gírámà ló ń sọ. Ìlànà èdè ni olùkọ́ ń pè ní gírámà; lẹ́nu tiwa, ọ̀rọ̀ ńláńlá ni.

Èdè Gíríìkì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ “gírámà”, láti ara “gramma”, ohun tí a kọ sílẹ̀. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, ẹni tó mọ̀wé kò pọ̀, àwọn ará ìlú sì ń fura pé olóògùn ni wọ́n. Àwọn ará Skọ́tíláǹdì yí “grammar” padà sí “glamour”, èèdì ni wọ́n sì ń fi pè. Èèdì yẹn ṣì ń mú wa! Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ńláńlá náà ló ń pàtẹ́wọ́ jù.

Nínú irú ọ̀rọ̀ ńláńlá bẹ́ẹ̀, ẹ wo “sesquipedalian”. Látìn ni: “sesqui” jẹ́ kan ààbọ̀, “ped” jẹ́ ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. “Ped” yìí náà ló wà nínú “pedal” kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń há atúmọ̀ èdè sórí, ẹ jọ̀ọ́, gbòǹgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.