Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Ìtàn Bí Àwọn Ẹgbẹ́ Sọ́fítíwíà Open Source Ṣe Ń Gba Ẹni Titun, 1991 sí 2024

Ìfáàrà

Lẹ́tà "ẹ́" kò ní àyè kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú ìlànà Unicode. Ẹ̀rọ ní láti to àmì ohùn lé orí "ẹ" ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ gbé e sójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan pàtàkì lára àwọn sọ́fítíwíà tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni HarfBuzz, tí Firefox, Chrome, Android àti LibreOffice ń lò. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba; ẹnikẹ́ni ni ó lè tọ́ka sí àṣìṣe inú rẹ̀ tàbí kí ó mú àtúnṣe wá. Irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní open source. Bí àmì ohùn bá wá jókòó sí ibi tí kò yẹ, ẹni tí ó ń ka Yorùbá ni yóò kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè sọ ohun tí ó rí, ó gbọ́dọ̀ wọ àárín àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ lé e jáde ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àṣìṣe náà yóò wà níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìtàn bí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ṣe ń gba ẹni titun fi kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Yorùbá. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìbéèrè kan wà lábẹ́ òwe náà: ta ni ó yẹ kí ó fi ọ̀nà han àlejò? Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹrù kíkọ́ àlejò ní àṣà ilé wà lórí àlejò fúnra rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àti pé láàárín ogún ọdún ó lé díẹ̀ ó rọra bọ́ sí orí onílé. Mo fẹ́ fi hàn bí ẹrù náà ṣe pààrọ̀ ọwọ́, àti ìdí tí onílé kò fi lè dá a gbé.

Nígbà tí àṣà kò ní àkọsílẹ̀

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, kọ̀wé sí comp.os.minix, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ìjíròrò orí Usenet. Ó ní òun ń kọ ètò kan tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà, ó sì béèrè ohun tí àwọn tí ó ń lo Minix fẹ́ràn nínú rẹ̀ àti èyí tí wọn kò fẹ́ràn. Ètò yẹn ni ó di Linux. Ní oṣù Kìíní ọdún 1992, Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam tí ó ṣẹ̀dá Minix, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ́ Linux ti di ti àtijọ́. Torvalds fi ìbínú dá a lóhùn. Láìpẹ́ ó padà wá tọrọ àforíjì, ó sì gbà pé òun kò bọ̀wọ̀ fún ìlànà ìwà orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àforíjì yẹn ṣe pàtàkì fún òpìtàn, nítorí ó fi hàn pé ìlànà ìwà kan wà tí àwọn méjèèjì mọ̀. Ilé kékeré ni Usenet nígbà yẹn. Àwọn ará yunifásítì àti ilé ìwádìí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àṣà rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ àṣà ilé baba rẹ̀, nípa wíwò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ titun máa ń wọlé pẹ̀lú àṣìṣe wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn a ti kọ́ ẹ̀kọ́ tàbí kí wọ́n ti lọ. Láti ọdún 1993 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn ti ń ṣí Usenet sílẹ̀ fún oníbàárà wọn, AOL sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1994. Àlejò kò dáwọ́ wíwọlé dúró mọ́. Àwọn onílé pe àsìkò náà ní oṣù Kẹsàn-án tí kò lópin, orúkọ tí ó kún fún ìráhùn.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ sí ogunlọ́gọ̀ yìí ni kí a kọ àṣà sílẹ̀ fún àlejò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995 ni RFC 1855 jáde, ìwé ìlànà ìwà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Sally Hambridge ti ilé-iṣẹ́ Intel kọ. Ó gba ẹni titun nímọ̀ràn pé kí ó ka ohun tí ẹgbẹ́ ń sọ fún oṣù kan sí méjì kí ó tó kọ ohunkóhun. Ìmọ̀ràn ọlọgbọ́n ni fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì rẹ̀ ní yunifásítì. Fún ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí ó ń ra àkókò ní wákàtí wákàtí ní kafé íntánẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, owó ńlá ni oṣù méjì tí a fi ń wòran lásán. Ìlànà tí ó dà bíi pé ó dọ́gba fún gbogbo ènìyàn kò gba iye kan náà lọ́wọ́ wọn.

Ìwé tí wọ́n kọ fún àlejò

Ní ọdún 2001, Eric Raymond àti Rick Moen gbé ìtọ́sọ́nà kan jáde lórí bí ó ti yẹ kí ènìyàn béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn ògbóǹtarìgì. Ó ní kí ẹni titun kọ́kọ́ wá ìdáhùn fúnra rẹ̀, kí ó ṣàlàyé ohun tí ó rí dípò ohun tí ó rò, kí ó sì sọ ìgbésẹ̀ tí ó ti gbé. Ó ní abala kan tí ó rọ àwọn tí ń dáhùn pé kí wọ́n ṣe pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀, àlejò ni ó ń bá wí jù lọ, ó sì ń sọ fún un pé ohun tí ó dà bí ìwọ̀sí lójú rẹ̀ lè má jẹ́ ìwọ̀sí rárá.

Níbí ni ẹ̀kọ́ ilé méjì ti kọlu ara wọn. Nínú àwọn yàrá ìjíròrò IRC, àṣà kan wà pé kí ẹni tí ó ní ìbéèrè má ṣe tọrọ ààyè. Kí ó ṣáà béèrè. Fún ẹni tí a tọ́ ní ilé Yorùbá, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ gbáà nìyí. A ń kí ènìyàn, a ń béèrè àlàáfíà ilé, kí a tó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sí IRC pé "ẹ káàsán, ẹ jọ̀wọ́, mo ní ìbéèrè kan", tí ó sì ń retí kí wọ́n ní kí ó máa wí, lè dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ lè má kórìíra rẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń ṣe, wọ́n kàn ń yọjú sí ìjíròrò náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìkíni tí kò sì ní ìbéèrè nínú kò fún wọn ní ohun tí wọn yóò dáhùn. Àlejò ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn. Onílé rò pé ìbọ̀wọ̀ fún àkókò òun ni ọ̀wọ̀. Ọmọlúàbí ni àwọn méjèèjì lójú ara wọn, ṣùgbọ́n àlejò nìkan ni ó ń jìyà àìgbọ́ra-ẹni-yé náà.

Debian gba ọ̀nà mìíràn. Ian Murdock ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993. Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ náà dá gbígba ọmọ ẹgbẹ́ titun dúró. Nígbà tí ó fi tún ilẹ̀kùn ṣí ní ọdún 2000, ètò onípele ti wà. Ẹni tí ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Wọn yóò dán an wò lórí ìlànà ẹgbẹ́ àti lórí iṣẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ kan sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ tí ó fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n sábà máa ń ṣe lẹ́yìn ìpàdé ojúkojú. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì yóò rí ohun tí ó jọ tirẹ̀ níbí: ọmọ kì í ṣàdédé yọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹnìkan ni ó ń mú un wá, ẹni náà ni ó sì ń dúró fún un.

Àǹfààní ètò yìí ni pé àlejò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìnira rẹ̀ wà nínú ìrìn. Ní ìlú tí ọmọ ẹgbẹ́ Debian pọ̀ sí, ìrọ̀lẹ́ kan tó fún ìfọwọ́sí kọ́kọ́rọ́. Fún ẹni tí ó wà ní Òṣogbo tàbí Kútọnu, ó lè jẹ́ ìrìnàjò sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún 2016 ni àpéjọ ọdọọdún Debian kọ́kọ́ wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní ìlú Cape Town.

Onílé kọ òfin fún ara rẹ̀

Àwọn obìnrin ni ó kọ́kọ́ yí ojú ìbéèrè náà padà. Ní ọdún 2002, Val Henson, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, kọ ìtọ́sọ́nà kan lórí bí a ṣe lè gba obìnrin níyànjú láti wọ ẹgbẹ́ Linux. Àwọn tí ó ti wà nínú ilé ni ó ń bá wí. Ó ka àwọn ìwà tí ń lé obìnrin sá, ó sì sọ ohun tí wọ́n lè ṣe dípò wọn. Ní ọdún 2006, ìwádìí FLOSSPOLS, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù náwó sí, fi ìṣirò sí ọ̀rọ̀ náà: nǹkan bí ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni obìnrin nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, nígbà tí wọ́n jẹ́ nǹkan bí ìdá 28 láàárín àwọn tí ń kọ sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ kò sí ní gbangba. Iṣẹ́ kan náà ni. Ilé ni ó yàtọ̀.

Ní ọdún 2004 ni Ubuntu jáde, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ní òfin ìwà. Ohun kan nínú òfin náà yẹ fún àkíyèsí. Ó ní kí ẹni tí nǹkan kò bá yé béèrè, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ohun gbogbo. Ó sì pa á láṣẹ fún ẹni tí a bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó dáhùn, kí ó sì ṣe ìrànlọ́wọ́. Abèèrè kì í ṣìnà, ní tòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bá dákẹ́, abèèrè yóò ṣìnà. Òfin Ubuntu so ojúṣe àwọn méjèèjì pọ̀.

Linux fúnra rẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Ó lókìkí fún ọ̀rọ̀ líle tí Torvalds àti àwọn àgbà mìíràn máa ń sọ sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Àlàyé wọn ni pé ọ̀rọ̀ líle ni ó ń dáàbò bo kóòdù. Ní ọdún 2015 wọ́n gba ìwé kékeré kan tí ó ní kí ẹni tí a bá fìyà ọ̀rọ̀ jẹ lọ bá ìgbìmọ̀ kan. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Torvalds tọrọ àforíjì ní gbangba, ó sì gba ìsinmi láti wá ìrànlọ́wọ́ lórí bí yóò ṣe máa lóye ìmọ̀lára ẹlòmíràn. Ní àkókò kan náà ni Linux fi Contributor Covenant, òfin ìwà tí Coraline Ada Ehmke kọ ní ọdún 2014, rọ́pò ìwé ti 2015. Àwọn kan pariwo pé òṣèlú ti wọlé, pé iṣẹ́ yóò bàjẹ́. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀yà 4.19 jáde, Torvalds sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Òfin lè dá ẹnu dúró, ṣùgbọ́n kì í mú àlejò lọ́wọ́ dání. Ètò GNOME fi èyí hàn. Ní ọdún 2006, ènìyàn 181 béèrè láti bá ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò Google Summer of Code, kò sì sí obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, GNOME bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó pe àwọn obìnrin ní tààrà. Wọ́n jí i dìde ní ọdún 2010, ó sì di Outreachy ní ọdún 2015. Owó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ń wọlé ní atọ́nà tirẹ̀ tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kò bọ́ sí ojú ọjà. Ó ní ẹni tí ó jẹ́ ojúṣe rẹ̀ láti dáhùn.

Ẹrù onílé

Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu onílé náà. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tí ayé gbára lé ni ènìyàn kan tàbí méjì ń tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé nípasẹ̀ SSH ń falẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tí ó tú u wò, ó rí i pé wọ́n ti fi ọ̀nà ẹ̀bùrú pamọ́ sínú xz, ẹ̀yà 5.6.0 àti 5.6.1. Ẹni tí ó fi í síbẹ̀ ń jẹ́ Jia Tan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọdún méjì ó lé, tí ó ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ mú àtúnṣe wá, títí wọ́n fi fún un ní àṣẹ. Ní ọdún 2022, àwọn orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá alábòójútó wí pé iṣẹ́ rẹ̀ ń falẹ̀, kí ó gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ti rẹ alábòójútó náà, òun nìkan ni ó sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ xz. Ìwà pẹ̀lẹ́ àlejò kì í ṣe ẹ̀rí ìwà rere rẹ̀, nítorí náà a kò lè ka ìbéèrè Debian fún onígbọ̀wọ́ sí agídí lásán. Ìkejì ni pé àlejò náà lè fi ẹnu ṣe onílé léṣe. Bí ẹrù ìgbàlejò bá ti kúrò lórí àlejò tí ó sì bọ́ sórí ẹnì kan ṣoṣo tí ó ti rẹ̀, a kò tí ì tún nǹkan ṣe. A kàn pààrọ̀ ẹni tí ń jìyà ni. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ṣe é dáadáa ni àwọn tí ó sọ ìgbàlejò di iṣẹ́ tí wọ́n pín láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí Debian ṣe pín in láàárín onígbọ̀wọ́ àti olùdánniwò, àti bí Outreachy ṣe pín in láàárín àwọn atọ́nà.

Ìgúnlẹ̀

Ní ilẹ̀ wa, Open Source Community Africa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2018, ṣe àjọ̀dún ńlá ní Èkó ní oṣù Kejì ọdún 2020. Irú ìpéjọ bẹ́ẹ̀ ń mú kí ẹni tí ó ti wọlé lè di ojúlùmọ̀ ẹni tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá lè ṣe tiwọn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí a ṣe ń ròyìn àṣìṣe àmì ohùn: kí wọ́n kí ènìyàn, kí wọ́n sì gbé ìbéèrè kalẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan náà, pẹ̀lú àwòrán ohun tí wọ́n rí àti ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ní sọ ẹ̀kọ́ ilé nù, onílé yóò sì rí ohun tí yóò dáhùn.

Iṣẹ́ wà fún òpìtàn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìjíròrò àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ṣì wà ní gbangba pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ. Ìtàn àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wọ ilé náà, àwọn tí wọ́n dá lóhùn àti àwọn tí ó kí onílé tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ wọn, ń retí ẹni tí yóò kọ ọ́.