A Kì í Ti Kóòtù Bọ̀ Ṣọ̀rẹ́: Ẹjọ́ Ilẹ̀ láti Àpápá dé Ajah

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Ní ayé àtijọ́, iwájú baálé ni ẹjọ́ kọ́kọ́ ń dé. Bí ó bá le jù, a gbé e dé ààfin. Àwọn àgbà kì í wá ẹni tí ó jàre nìkan, wọ́n ń wá bí àwọn méjèèjì yóò ṣe tún máa gbé pọ̀. Bí wọ́n bá bá ẹlẹ́bi wí tán, wọn a tún bẹ aláre pé kí ó fọwọ́ wọ́nú.

Síbẹ̀, ìjà kan wà tí ìlàjà kò ràn. Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn olóyè Ìdẹ́jọ tí í ṣe onílẹ̀, béèrè owó rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó sọ pé àṣẹ lásán ni ó ní lórí ilẹ̀ náà. Àgbà wo ni yóò bá ìjọba wí? Ní ọdún 1920, Olúwa àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London. Ní oṣù Keje ọdún 1921, Privy Council dá a láre pé àwùjọ ni ó ni ilẹ̀, owó onílẹ̀ gidi sì ni ìjọba gbọ́dọ̀ san.

Ti Lekki àti Ajah yàtọ̀. Àwọn ìdílé olóyè, bí Oníru àti Elégùṣì, ni onílẹ̀ ní apá ibẹ̀ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú fẹ̀ dé etí òkun, tí ilẹ̀ di wúrà, ẹbí ń pe ẹbí lẹ́jọ́, aládùúgbò ń pe aládùúgbò. Ìdájọ́ a máa jáde, ìjà kò ní tán. Àwọn ajagungbalẹ̀ di ẹ̀rù fún ẹni tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì ra ilẹ̀, débi pé Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lòdì sí wọn ní ọdún 2016.

Ìjọba Èkó ti rí i tẹ́lẹ̀ pé kóòtù nìkan kò tó. Ní ọdún 1999, ó dá ibùdó ìlàjà sílẹ̀ fún aráàlú, láìgba owó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2002, Lagos Multi-Door Courthouse bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Frank Sander ti Harvard ni ó dá àbá rẹ̀ ní ọdún 1976: kí ilé-ẹjọ́ ní ilẹ̀kùn púpọ̀, kí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan gba èyí tí ó bá a mu. Nínú ìlàjà, onílàjà kì í dájọ́. Àwọn oníjà ni yóò fẹnu kò. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n jọ yan ẹni tí yóò dájọ́, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì de àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ yìí ni Lagos Court of Arbitration, tí òfin ọdún 2009 dá sílẹ̀, ń ṣe ní Lekki gan-an.

Òwe àwọn àgbà kò parọ́, ṣùgbọ́n Olúwa kò wá ọ̀rẹ́ lọ sí London. Ẹ̀tọ́ ni ó wá lọ. Ẹni tí yóò máa rí alátakò rẹ̀ lójoojúmọ́ ní Ajah ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ìlàjà.