Wúrà Tí Àwọn Muisca Fi Rúbọ

Bí a bá dárúkọ El Dorado, ìlú tí a fi wúrà kọ́ ni ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni El Dorado kí ó tó di ìlú: ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Sípéènì ni "ẹni tí a fi wúrà kùn".

Àwọn Muisca ni ó ni ìtàn náà. Orí òkè tútù tí Bogotá àti Tunja wà ní Kòlóńbíà lónìí ni wọ́n ń gbé nígbà tí Gonzalo Jiménez de Quesada kó ọmọ ogun dé bá wọn ní 1537. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé wúrà ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wọn. Iyọ̀ tí wọ́n ń sè ní Zipaquirá àti Nemocón, aṣọ òwú, àti òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ wúrà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Ohun tí wọ́n fi òógùn rà ni wọ́n ń jù sínú omi.

Tunjo ni a ń pe ère kékeré tí wọ́n fi ń rúbọ. Wọn a fi ìda oyin mọ ọ́n, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a fi iná yọ́ ìda jáde, wọn a sì da wúrà tí a pò mọ́ bàbà sí ipò rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn baba wa ní Ifẹ̀ lò fún orí idẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan kò kọ́ ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n wọn kì í dán tunjo. Bí ó bá ní ihò tàbí etí rẹ̀ rí gbágungbàgun, bẹ́ẹ̀ ni wọn a fi í sílẹ̀. Àìmọṣẹ́ kọ́, nítorí ohun ọ̀ṣọ́ tí ènìyàn ń wọ̀ ń dán lọ́wọ́ wọn. Èrò tèmi ni pé ojú ènìyàn kọ́ ni wọ́n ṣe tunjo fún.

Ní 1636, Juan Rodríguez Freyle kọ ọ́ pé bí ọba tuntun bá fẹ́ jẹ ní Guatavita, wọn a fi amọ̀ àti ẹ̀bù wúrà kùn ún lára, wọn a gbé e sórí ọkọ̀ tí a fi koríko odò dì, òun àti ìjòyè mẹ́rin, títí dé àárín adágún, níbi tí yóò ti da ẹbọ wúrà sómi. Àwọn kan pè é ní àlọ́. Ní 1969, àwọn àgbẹ̀ rí ìkòkò kan nínú ihò àpáta ní Pasca. Ọkọ̀ wúrà tí kò gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà wà nínú rẹ̀, ẹni ńlá kan dúró láàárín àwọn kéékèèké. Pasca jìnnà sí Guatavita, nítorí náà n kò ní sọ pé ó parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n n kò lè pe Freyle ní òpùrọ́ mọ́.

Ojú kòkòrò kò jẹ́ kí adágún náà sinmi. Antonio de Sepúlveda gé etí rẹ̀ ní ọdún 1580 síwájú. Ó rí wúrà díẹ̀, ilẹ̀ sì ya pa ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà fa omi rẹ̀ gbẹ lẹ́yìn 1898, oòrùn sì sọ ẹrẹ̀ di òkúta mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1965 ni ìjọba fòfin dè é.

Èmi tí mo ń kọ́ èdè, ohun mìíràn ni ó ń dùn mí. Ní 1770, ọba Sípéènì pàṣẹ kí a pa èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ rẹ́, kí ọ̀rúndún náà sì tó parí, èdè Muisca ti ń kú lọ. Ọkọ̀ wúrà wà ní Bogotá fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwòrò ń sọ sí omi ńkọ́? Bernardo de Lugo tẹ ìwé gírámà èdè náà jáde ní 1619. Ó kọ bí a ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún àlùfáà sínú rẹ̀. Kò kọ àdúrà adágún.