Ilé Ta Ni Ẹ Wọ̀ Sí? Onílé, Àlejò àti Ọ̀rọ̀ Bristol Hotel ní Èkó, 1947

Ìfáárà

Ní oṣù kejì ọdún 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba Britain tí ó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn, dé sí Èkó lórí iṣẹ́ ọba. A ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel, ilé ìtura kan tí ará Gíríìsì ni ín. Nígbà tí àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ fojú kàn án, tí wọ́n rí i pé ènìyàn dúdú ni, wọn kò gbà á wọlé.

Àwọn òpìtàn sábà máa ń ka ìṣẹ̀lẹ̀ yìí mọ́ ìtàn ìjà òmìnira Nàìjíríà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ìgbàlejò ni pẹ̀lú, ojú yìí ni a ó sì fi wò ó níhìn-ín. Èrò wa ni pé hòtẹ́ẹ̀lì ayé amúnisìn mú irú ibùwọ̀ kan wá tí kò ní onílé tí yóò dáhùn fún àlejò, àti pé a ó túbọ̀ lóye ìbínú àwọn ará Èkó bí a bá rí i pé ipò onílé ni wọ́n dìde láti gbà padà.

Onílé ni onídùúró

Ìbéèrè tí àlejò sábà máa ń gbọ́ nílùú àjèjì ni pé, "Ilé ta ni ẹ wọ̀ sí?" Orúkọ ènìyàn ni ìbéèrè náà ń wá, kì í ṣe orúkọ àdúgbò. Ẹni tí àlejò wọ̀ sílé rẹ̀ ni ìlú fi ń mọ̀ ọ́n. Bí àlejò bá jẹ gbèsè, ọ̀dọ̀ onílé ni a ó kọ́kọ́ lọ. Bí a bá sì fìyà jẹ àlejò, ojú onílé ni ó ń tì.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ní oṣù kejìlá ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Wẹ́sílì, gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọ Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí i. Ọmọ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend ti ìjọ CMS dé ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, a gba òun náà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, àlejò Ṣódẹkẹ́ ni wọ́n.

Kò yẹ kí a pe èyí ní inúure lásán. Àwọn Ẹ̀gbá ń fẹ́ ọ̀nà tí ó dé etíkun, wọ́n sì ń fẹ́ ọ̀rẹ́ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú òwò. Ní Sábó ní Ìbàdàn, Abner Cohen, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ṣàlàyé bí àwọn onílé Hausa ṣe ń fún àwọn oníṣòwò obì àti màlúù níbùsùn àti oúnjẹ láìgba owó yàrá, tí wọ́n sì ń rí èrè tiwọn nínú ọjà tí àlejò bá tà. Onílé ni ó ń ṣe onídùúró láàárín ẹni tí ó ń tà àti ẹni tí ó ń rà. Àwọn àgbà mọ̀ pé ìgbàlejò ní iye tí ó ń náni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Bí èrè bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnì kan pàtó ni ó ń dáhùn fún àlejò.

Yàrá tí kò ní onílé

Lẹ́yìn tí Britain gba Èkó ní 1861, àwọn tí ó ń wọ ìlú náà ń pọ̀ sí i. Ọ̀nà ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, iṣẹ́ tí a ṣe sí ẹnu èbúté sì jẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńláńlá lè wọlé. Fún ìgbà pípẹ́, ìlànà àtijọ́ ni ó ń gba èrò. Sàró ń wọ̀ sọ́dọ̀ Sàró ní Olówógbówó, Àgùdà ń wọ̀ sọ́dọ̀ Àgùdà ní Pópó Àgùdà, ará òkè sì ń wá ilé ìbátan rẹ̀ lọ. Àwọn òyìnbó náà kò yàtọ̀: àlejò ìjọba ń lọ sílé gómìnà, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ òwò sì ń gbé lókè ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Ohun tí hòtẹ́ẹ̀lì mú wá ni yàrá tí a ń tà ní alẹ́ kan sí alẹ́ kan. Àlejò kò nílò ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ mọ́; owó rẹ̀ ti tó. Nínú ìlànà yìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bi í pé ọmọ ta ni. Ṣùgbọ́n ìlú tí a ti fi àwọ̀ pín sí méjì ni hòtẹ́ẹ̀lì yìí bá. A ti ya Ìkòyí sọ́tọ̀ fún ibùgbé òyìnbó, ilé ìwòsàn òyìnbó sì yàtọ̀ sí ti ọmọ ilẹ̀. Àwọ̀ wá di onídùúró. Ẹni tí kò bá ní in, owó kò lè ṣílẹ̀kùn fún un, kò sì sí onílé tí ó lè bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́ńdọ̀nù àti Chicago

Kì í ṣe Èkó nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn onílé a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ dúdú. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní 1925, rin ìrìn àjò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1929 sí 1932 láti kó owó jọ, ẹgbẹ́ náà sì ṣí ilé ibùwọ̀ tirẹ̀ ní Camden Road ní 1933. Ọpẹ́olú, aya Ṣólàńkẹ́, ni ìyá ilé náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a ṣí Aggrey House, èyí tí ìjọba Britain ń tì lẹ́yìn. WASU ta kò ó gidigidi, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá ń fúnni níbùsùn lè fẹ́ máa ṣọ́ èrò ọkàn ẹni pẹ̀lú.

Ní Chicago níhìn-ín, YMCA tí ó wà ní Wabash Avenue ṣí ní 1913 fún àwọn ènìyàn dúdú. Ó di ibùsùn fún àwọn tí ó ń ti ìhà gúúsù Amẹ́ríkà wá wáṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni Carter G. Woodson ti dá ẹgbẹ́ onímọ̀ ìtàn ènìyàn dúdú sílẹ̀ ní 1915. Láti 1936, Victor Hugo Green ní New York ń tẹ ìwé tí ó ń tọ́ka sí àwọn ibi tí arìnrìn-àjò dúdú lè wọ̀ sí láìsí ìwọ̀sí. Ìyàtọ̀ kan ṣe pàtàkì: ní Chicago, àwọn tí ó kéré níye ni wọ́n ń lé, ní Èkó, àwọn tí wọ́n ní ìlú gan-an ni.

Ta ni onílé Cummings?

Cummings kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ibùwọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí i sí ní 1913. Dókítà ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá rẹ̀. Kí ó tó wọṣẹ́ ọba, òun ni ó ń bójú tó Aggrey House tí a mẹ́nu bà lókè. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba àwọn tí a kọ̀ ni a wá kọ̀ ní Èkó. Irú ọmọ tí Freeman jẹ́ náà ni òun jẹ́. Ọdún 104 ó lé díẹ̀ péré ni ó wà láàárín ilẹ̀kùn tí Ṣódẹkẹ́ ṣí àti èyí tí a tì ní Bristol Hotel.

Nínú ìwé, ìjọba amúnisìn ni onílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó ni ó kọ́kọ́ ṣe bí onílé. West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1937, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Àwọn ẹgbẹ́ tí kì í sábà fohùn ṣọ̀kan para pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ tí wọ́n pè ní United Front Committee. Ní oṣù kẹta, Gómìnà Arthur Richards fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní àwọn ibi tí ó wà lábẹ́ ìjọba.

A gbọ́dọ̀ wo apá tí ó korò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti fi ń lé ọmọ Èkó padà lẹ́nu ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ kankan. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan òṣìṣẹ́ ọba tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ni ìjọba jí. Àwọn kan lè fi èyí sọ pé nítorí ipò Cummings nìkan ni nǹkan fi yí padà. A kò rò bẹ́ẹ̀. Ipò rẹ̀ ni ó mú kí ìwọ̀sí náà di ìtìjú fún ìjọba, ṣùgbọ́n ìtìjú tí ẹnikẹ́ni kò pariwo lé lórí ṣeé fi pa mọ́. Àwọn ará ìlú tí wọ́n gbà á bí àlejò tiwọn, tí wọ́n sì mú ẹ̀dùn tiwọn mọ́ tirẹ̀, ni kò jẹ́ kí ó ṣeé fi pa mọ́.

Ìkádìí

Ní oṣù kẹfà ọdún 1948, nígbà tí ọkọ̀ Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury, Cummings ni iléeṣẹ́ rẹ̀ rán lọ pàdé àwọn èrò tí ó ti Karíbíà wá. Ó wà lára àwọn tí ó ṣètò ibùsùn sí abẹ́ ilẹ̀ ní Clapham South fún àwọn tí kò mọ ibi tí wọn yóò wọ̀ sí. Ó tún padà sídìí iṣẹ́ onílé.

Hòtẹ́ẹ̀lì ti wá di ohun gbogbo ènìyàn ní Èkó, owó sì ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ó bá ní in. Ìbéèrè àtijọ́ kò tíì kú ṣá. Títí di òní, bí ọmọ Yorùbá kan bá dé sí Chicago, àwọn ará ilé yóò bi í lórí fóònù pé ilé ta ni ó wọ̀ sí. Wọ́n fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹni tí yóò dáhùn bí ilẹ̀kùn kan bá tì mọ́ ọn.