Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtàn Iná Inú Ilé ní Ìlọrin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní Ọjà Tuntun, ní Ìlọrin, níbi tí ìyá àgbà wa ti ń ta èédú láti ìgbà tí màmá mi ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òótọ́ ni òwe yìí. Bí iye tí ẹnì kan pè kò bá tẹ́ oníbàárà lọ́rùn, yóò kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan iná mànàmáná, òwe náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Inú ìtàn ni mo ti wá ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó, lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Ní ọdún 1951, àjọ tí a ń pè ní ECN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a sì kó àwọn ilé iṣẹ́ iná ìjọba sábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1969, a ṣí ìsédò Kainji lórí Odò Ọya. Ìpínlẹ̀ Kwara ni ilẹ̀ Borgu wà nígbà náà. Ọdún 1991 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gé apá kan rẹ̀ mọ́ Ìpínlẹ̀ Niger. Ní ọdún 1972, a pa ECN àti àjọ tí ń bójú tó àwọn ìsédò pọ̀, wọ́n sì di NEPA. Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ló ń tà á.

Ìtàn iná ìdáná yàtọ̀ sí èyí. Igi àti èédú ni ìyá àgbà wa bá nílé. Nígbà tó yá, kẹrosíìnì tí ìjọba ń san lára owó rẹ̀ wọ ilé púpọ̀, sítóòfù sì gba ipò ààrò. Mo bi wọ́n léèrè pé, “Ìyá àgbà, ṣé kẹrosíìnì kò ba ọjà yín jẹ́?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, iye kẹrosíìnì ni mo fi ń mọ bí ọjà mi yóò ṣe rí. Bó bá wọ́n, wọn á wá mi wá. Bó bá pọ̀ lọ́jà, màá jókòó ti àpò mi.” Ní ọdún 2016, ìjọba gbé iye kẹrosíìnì kúrò ní náírà 50 sí náírà 83, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rà á ju bẹ́ẹ̀ lọ tipẹ́tipẹ́. Àwọn èèyàn tún padà sídìí èédú. Igi ni èédú, igi òrí sì wà lára àwọn tí wọ́n ń gé sun. Iye tí a ń san lọ́jà kò ka igi náà mọ́ ọn.

Ní ọdún 2005, òfin tuntun jáde pé kí iná mànàmáná bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fi ìpínkiri iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ rò pé ìdíje ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n agbègbè ni wọ́n pín, wọn kò pín oníbàárà. Ilé iṣẹ́ kan gba Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Kwara, ẹni tó ń gbé Ìlọrin kò sì lè sọ pé ti Ìkẹjà ni òun fẹ́ rà. Ọwọ́ tó ń tà á yí padà, iye ọwọ́ kò pọ̀ sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn oníbàárà tí a ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún kúrò ní nǹkan bí náírà 68 bọ́ sí náírà 225 fún yúnììtì kan.

Aránṣọ ni màmá mi. Nígbà tí owó iná kọjá agbára wọn, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú ti ìyá àgbà jáde. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀yinná kékeré já bọ́ sórí léèsì oníbàárà, ó sì lu ú. Owó léèsì náà ju èrè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá mi kò jẹun.

Ṣé bí àwọn tó ń tà bá ti pọ̀, ó ti parí? Rárá. Ilé gáàsì pọ̀ ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá fowó lé e, gbogbo wọn ló ń tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú gáàsì ìdáná wa ti òkè òkun wá tàbí kí a fi dọ́là díwọ̀n rẹ̀, náírà sì já wálẹ̀ gidi láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ìdílé ti lè yan ẹni tí wọn yóò ra iná lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún 1999. Síbẹ̀, nígbà tí gáàsì gbówó lórí káàkiri àgbáyé ní ọdún 2021, ó ju ogún ilé iṣẹ́ wọn lọ tó kógbá sílé. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá àgbà, wọ́n ní, “Àwa tí à ń fà á pọ̀, kànga kan náà ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́. Ní ọdún 2023, àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti ṣe òfin iná tirẹ̀. Bí Kwara bá fẹ́ lo àǹfààní yìí, kí a má kàn bèèrè ẹni tí yóò máa tà á. Kí a bèèrè iye kànga tí a ó gbẹ́: omi, oòrùn, gáàsì ilẹ̀ wa. Títí di ìgbà náà, áyọ́ọ̀nù méjì ló wà lórí tábìlì màmá mi, wọ́n sì ń ṣírò owó kí wọ́n tó gbé ọ̀kan.