Douala àti Ọjọ́ Orí Tí Ọmọ Fi Ń Kúrò Nílé

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó rántí ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 2000 kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ Cameroon sí wa létí. Ní pápá Surulere ni, àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Samuel Eto'o, ọmọ ọdún 18, ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wa, Patrick Mboma sì fi ìkejì kún un. Raphael Chukwu àti Jay-Jay Okocha dá méjèèjì padà, ọ̀rọ̀ wá di pẹnárítì. Èyí tí Victor Ikpeba gbá lu irin òkè, ó balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, rẹfirí ní kò wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀ o, kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru. Ìlú kan náà ni àwọn méjì tó gbá wa lọ́jọ́ náà ti jáde: ọ̀kan dàgbà sí Douala, èkejì, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ìgbà tí kálukú kúrò níbẹ̀ ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ yẹn ni mo sì fẹ́ fi sọ ìtàn yìí.

Etí odò Wouri ni Douala wà. Àwọn Pọtogí tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ rí edé lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n pè é ní odò edé, Rio dos Camarões, orúkọ yẹn ló di Cameroon. Ní oṣù Keje 1884, àwọn ọba Bell àti Akwa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Jámánì. Kò tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà tí àwọn Jámánì ní kí àwọn onílẹ̀ kó kúrò létí omi lọ sí àdúgbò tuntun kan lókè, kí òyìnbó lè dá gbé etí odò. Ọba Rudolf Duala Manga Bell kọ̀ jálẹ̀, ó fi ẹjọ́ náà sun ilé aṣòfin wọn ní Berlin. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹjọ 1914, wọ́n yẹgi fún un. Àdúgbò tí wọ́n fẹ́ lé wọn lọ yẹn ni New Bell. Nígbà àwọn Faransé, àwọn àlejò ló kún ibẹ̀: Bamiléké, Hausa, ará Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ èbúté bá fà wá. Ibẹ̀ ni Eto'o ti kọ́ bọ́ọ̀lù.

Bọ́ọ̀lù ìlú náà kọ́kọ́ tẹ̀lé ìran àti àdúgbò. Oryx ni ti àwọn ará Bell, Caïman ni ti Akwa, àwọn Bamiléké sì ní Union. Ẹni tó bá mọ bí Ìbàdàn ṣe máa ń gbóná nítorí Shooting Stars á mọ irú ìfẹ́ tí mò ń sọ. Ní 1965, Oryx na Stade Malien ti Bamako ní 2-1 ní Accra, wọ́n sì gba ife àwọn akọni Áfíríkà àkọ́kọ́ pàá. Balógun wọn ni Samuel Mbappé Léppé, tí wọ́n ń pè ní Maréchal. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn. Union gba ife kan náà ní 1979. Ní 1981, Stationery Stores ti Èkó gan-an ni wọ́n borí kí wọ́n tó gba ife àwọn tó gba ife.

Ayé yẹn ló bí Roger Milla. Yaoundé ni wọ́n bí i sí ní 1952, iṣẹ́ rélùwéè bàbá rẹ̀ ló gbé wọn dé Douala. Ó gbá fún Éclair, lẹ́yìn náà Léopards, tó gba líìgì ní 1972, 1973 àti 1974. Ó kọjá sí Tonnerre ní Yaoundé, ní 1976 wọ́n sì pè é ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Kò tíì kúrò nílé rárá nígbà náà! Ọdún 1977 ló tó lọ sí Valenciennes ní Faransé, ọmọ ọdún 25, géńdé tó ti gba gbogbo ohun tí ilé ní láti fún un. Monaco, Bastia, Saint-Étienne, Montpellier tẹ̀lé e. Nígbà tó di 1990, erékùṣù Réunion ló ti ń fẹsẹ̀ ṣeré bí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ààrẹ Paul Biya ní kó padà wá. Ọmọ ọdún 38 yìí wọlé láti orí bẹ́ńṣì níbi ife àgbáyé ní Ítálì, ó gbá méjì sáwọ̀n Romania, ó gbá méjì sáwọ̀n Colombia, ọ̀kan nínú èyí tó já gbà lẹ́sẹ̀ aṣọ́lé wọn Higuita, ó sì ń jó nídìí àsíá igun pápá. England ló dá wọn dúró, 3-2. Ní 1994, ó tún gbá ọ̀kan sáwọ̀n Russia ní ọmọ ọdún 42.

Lọ́dún 1994 yẹn kan náà ni iye owó CFA já sí ìdajì. Ọrọ̀ ajé Cameroon ti ń ṣòjòjò ṣáájú, agbára àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò láti sanwó sì ti pin. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹjọ́ Bosman ṣí ilẹ̀kùn àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù gbayawu. Ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wá gba ipò ẹgbẹ́ àdúgbò. Kadji Sports Academy ní Douala kò sí fún ọlá Bell tàbí ti Akwa. Ọmọ tó máa rékọjá òkun ló ń tọ́. Carlos Kameni jáde níbẹ̀, Stéphane Mbia náà. Eto'o ṣáájú wọn: kò tíì pé ọmọ ọdún 17 tó fi wà lọ́wọ́ Real Madrid, tí wọ́n ń yá a káàkiri. Mallorca ló mọyì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Barcelona ní 2004, ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní àṣekágbá Champions League 2006 àti 2009, ó sì tún gba ife náà pẹ̀lú Inter ní 2010. Góòlù 18 ló ní nínú ife Áfíríkà, kò sẹ́ni tó ní tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ará New Bell ti wò ó. Nígbà tó di ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Cameroon ní oṣù Kejìlá 2021, líìgì ilé ló ní òun fẹ́ tún ṣe.

Ti Mboma kúrú: ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí Faransé.

Ní oṣù Keje 2023, Kylian Mbappé, tí wọ́n bí ní Paris, tó ti gba ife àgbáyé fún Faransé, wọ ọkọ̀ ojú omi lórí Wouri lọ sí Djébalè, ilé bàbá rẹ̀. Èrò tò sí etí odò láti wò ó. Ní Akwa, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀, Stade Mbappé Léppé ni orúkọ pápá.