Láti Ìgbóbì dé Orí Yanrìn Ìlàsàn

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí ní oṣù Keje 1990 nígbà tí ìjọba ológun Raji Rasaki wó àdúgbò Maroko ní Èkó. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló di aláìnílé. Àwa díẹ̀ rí ibi forí pamọ́ sí: wọ́n kó wa wá sí Ìlàsàn, sínú ilé tí Alhaji Lateef Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ń ṣe gómìnà Èkó láàárín 1979 sí 1983, tí wọn kò sì parí lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba. Tiwa kò nílẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Ìró ìyá mi la fi ta ẹnu ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Yanrìn la ní lọ́pọ̀. Iwájú bílọ́ọ̀kù wa làwọn ọmọkùnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ á fi ṣú, ibẹ̀ náà sì ni ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti rọ́ lọ́dún 1993. Bàbá kan ládùúgbò tó mọ ẹsẹ̀ í wọ́ gbé omi gbígbóná àti òrí dé lójú ẹsẹ̀. Ó fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ó wá ki àtàǹpàkò bọ ibi tó ti ń wú, ó ń fà á wá sókè, wọ́n sì di ẹ̀gbọ́n mi mú léjìká méjèèjì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ti wú bí àgbọn. Bàbá náà kò gba kọ́bọ̀. Tọkàntọkàn ló fi ṣe é, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kò padà bọ̀ sípò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní kíláàsì Human Kinetics ní Yunifásítì Èkó, Akọka, ni mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ kì í fẹ́ omi gbígbóná. Ooru á la òpó ẹ̀jẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn sínú ẹran, ibẹ̀ á sì máa wú sí i. Ohun tútù ni kí èèyàn kọ́kọ́ fi sí i, kó dì í, kó gbé ẹsẹ̀ lé ibi gíga. Omi bọ́ lójú mi. Físíò, iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran àti oríkèé tí ìyẹn wà lára ẹ̀, ti wọ Èkó kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Ìgbóbì ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tó gbà wọlé. Ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni, ó sì di ilé ìwòsàn eegun lọ́dún 1945. Ọdún yẹn náà ni oníṣẹ́ físíò méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé síbẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ wa ní bí wọ́n ṣe ń mú ẹsẹ̀ tó ti gan rìn. Olùrànlọ́wọ́ nìkan ni wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n kọ́. Ó di 1966 kí Yunifásítì Ìbàdàn tó sọ iṣẹ́ náà di ohun tí èèyàn ń gboyè lé lórí. Ìdí-Àràbà, ti Yunifásítì Èkó, àti Ifẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà kejì gba ilé ìwé kọjá, ọ̀nà yìí ló sì gbé mi. Láyé ìjọba òyìnbó, ní 24 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ Empire Day, àwọn ọmọ iléèwé máa ń yan lórí pápá níwájú òyìnbó, tíṣà tó mọ dírìlì ló sì ń tò wọ́n. Àwọn ilé ìwé girama máa ń sáré du Grier Cup. Lọ́dún 1954, Emmanuel Ifeajuna fi bàtà ẹyọ kan, ti ẹsẹ̀ òsì, fò sókè nínú Ìdíje Empire ní Vancouver, ó sì gba góòlù. Kò pẹ́ tó wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, níbi tí oyè kankan kò ti sí fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé èèyàn sókè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oyè náà dé, abẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni wọ́n fi í sí, wọ́n pè é ní P.H.E., Physical and Health Education. Orúkọ yìí ló dẹ́rù ba ìyá mi nígbà tí mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB. "Eré sísá lo fẹ́ lọ kà ní yunifásítì?" Mo ní, "Màámi, ẹsẹ̀ bọ̀dá mi ni mo fẹ́ lọ kà." Wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Akọka àti Ìbàdàn ti yí orúkọ náà padà sí Human Kinetics, Ifẹ̀ ń pe tiwọn ní Kinesiology. Mo fara mọ́ ọn, nítorí ó sọ ohun tí a ń kọ́ gan-an: bí ara ṣe ń rìn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀nà méjèèjì kò tíì pàdé. Físíò wà ní ọsibítù, ó ń dúró de ẹni tó bá lówó ọkọ̀. Ẹni tó gboyè bíi tèmi wà ní kíláàsì, ó ń mú ṣọ́ọ̀kì. Etí pápá, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń rọ́ gan-an, kò ní ẹnì kan. Ní Amẹ́ríkà, láti 1950 ni àwọn tó ń dúró ti eléré létí pápá ti kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan, àwọn yunifásítì wọn sì ń kọ́ni níṣẹ́ náà. Falilat Ogunkoya, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, lọ sí Mississippi State. Lọ́dún 1996 ní Òlíńpíìkì Atlanta, ó sá 400 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 49.10, ó sì gba bàbà. Mi ò sọ pé ibẹ̀ ló fún un lẹ́sẹ̀. Ilé ló ti gbé ẹsẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan ṣubú lórí yanrìn wa. Ìyá ẹ̀ ti gbé kẹ́tùlù jáde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé e kalẹ̀ ná." Mo fi aṣọ wé píọ̀ wọ́tà tó ti dì, mo gbé e lé ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀, mo fi báàgì bọ́ọ̀lù gbé ẹsẹ̀ náà ga, mo sì ń wo aago. Nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ yọ́, ẹ̀gbọ́n mi mú òmíràn wá láti inú kúlà. Òun ló máa ń gbé e wá láràárọ̀ Sátidé, ó máa ń rọra tẹ ẹsẹ̀ òsì.